Àga wà nílẹ̀, ó ní ilẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gba obìnrin kan síṣẹ́ ilé, ẹni ọdún 34 ni, èmi jẹ́ 31. Ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ lábúlé. Láti ọjọ́ tó ti dé, ilẹ̀ ló ń jókòó sí. Mo ní kó bọ́ sórí àga, ó ní, "Ilẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, mà." Ó ya abọ́ kan àti ife kan sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ sábẹ́ síńkì, èmi ò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ mi ọdún 6 bá pè é lórúkọ, "Mà" ló fi ń dá a lóhùn. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé ó mọ àyè ara rẹ̀, pé bí mo bá rẹ́rìn-ín sí i jù, yóò gùn mí lórí. Ọkọ mi ní òun ò bá wa dá sí i. Ọkàn mi ò balẹ̀, àmọ́ kí n má purọ́, ó rọrùn fún mi bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di ẹrú, ṣé èmi ni mo jẹ̀bi?

*

Àbúrò mi, o ṣeun tí o jẹ́wọ́ pé ó rọrùn fún ọ. Ọ̀pọ̀ kì í sọ ibẹ̀ yẹn.

Mo ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí. Ọdún 1993 ni wọ́n mú mi láti abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn wá sí Ìbàdàn, ọmọ ọdún 11 ni mí. Ilé tí mo dé ti ní Bọ́lá tirẹ̀, Bọ́lá sì lèmi náà ń jẹ́. Wọ́n ní Bọ́lá méjì nínú ilé kan yóò máa da àwọn láàmú, ni mo bá di Ṣadé. Ọdún márùn-ún ni mo fi jẹ́ Ṣadé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, mo jókòó sórí kúṣìn ní pálọ̀. Mádàámù rí mi, kò wí nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àlejò dé, Mádàámù wá ní, "Ẹ ò rí i, òun náà ti ń jókòó sórí kúṣìn." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò nà mí, wọn ò bú mi. Ẹ̀rín yẹn tó mi. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n ń bẹ̀ mí kí n jókòó, mo ń dúró tàbí kí n wà nílẹ̀. Nígbà tí mo padà sílé ní 1998, ìyá mi fa àpótí sí mi nídìí, kí n tó mọ̀, mo ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ìyá mi wò mí títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Nítorí náà, bí o bá gbọ́ "ilẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, mà", má pè é ní ìrẹ̀lẹ̀. Obìnrin yẹn ń ṣọ́ra. Ó ti mọ̀ pé àga tí wọ́n fi lọ òun lónìí, wọ́n lè fi bú òun lọ́la. Ilẹ̀ nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í lé ènìyàn dìde.

*

Èsì tí ẹ kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí ti pọ̀, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí.

Àwọn kan ń gbè sẹ́yìn ìyá ọkọ: ọmọ ọ̀dọ̀ tí a bá fà mọ́ra ni yóò gba ọkọ mọ́ni lọ́wọ́, òun ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ han olè. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e sórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ẹbí láti alẹ́ òní, kí gbogbo wọn jọ máa jẹun. Àwọn kẹta ní kò kan ẹnikẹ́ni, òun ló yàn án.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn ti tábìlì sọ̀rọ̀, nítorí inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ ò tíì ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí. Nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn, ibi tí mo fẹ́ràn jù láti jẹun ni kíṣìnnì, lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti kúrò níbẹ̀. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ka òkèlè mọ́ mi lẹ́nu. Bí o bá pè é sórí tábìlì lálẹ́ òní, yóò jókòó ṣánṣán, yóò sọ pé òun ti yó lẹ́yìn òkèlè mẹ́ta, ebi ni yóò gbé sùn. Ohun tó yẹ kí o bi ara rẹ ni pé: kí ló ń jẹ, ìgbà wo ló sì ń jẹ ẹ́? Ṣé ọbẹ̀ tẹ́ ẹ jẹ lòun náà jẹ, àbí omi ọbẹ̀ tí ẹran ti tán nínú rẹ̀? Ṣé gbígbóná ló jẹ ẹ́, àbí agogo mẹ́wàá alẹ́ ló tó rí àyè jókòó ti ẹ̀bà tó ti tutù? Bí ìyẹn bá ti dára, ibi tó bá wù ú ni kó ti jẹun.

Ti abọ́ ọ̀tọ̀, mi ò ní sọ púpọ̀. Ọwọ́ tó ń fọ gbogbo àwo ilé, tó ń ro ẹ̀bà, tó ń wẹ ọmọ, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ bu oúnjẹ tirẹ̀ sínú àwo yẹn. Kò sí ìmọ́tótó kankan níbẹ̀. Kó abọ́ abẹ́ síńkì yẹn kúrò lọ́jọ́ kan tí kò sí nílé, má sọ̀rọ̀ lé e lórí, má ṣe ìwàásù. Yóò wá a, kò ní rí i, yóò mú èyí tó wà ńlẹ̀.

*

Ọ̀rọ̀ pípè ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ló dùn mí jù nínú ìbéèrè yẹn, ẹni méjì péré ló sì fọwọ́ kàn án.

Ọmọ ọdún 6 ń pe ẹni ọdún 34 lórúkọ gan-an, nínú ilé Yorùbá! Ẹnìkan fèsì pé orúkọ kì í ro ènìyàn, pé lókè òkun wọ́n ń pe ara wọn lórúkọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kan náà ń pe olùkọ́ rẹ̀ ní Àǹtí, olùkọ́ ọ̀hún lè má ju ẹni ọdún 22 lọ. Ó ń pe ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ní Àǹtí. Ó ń kúnlẹ̀ kí ará ilé kejì. Nínú gbogbo àgbàlagbà tó mọ̀, ẹnìkan ṣoṣo ló ń pè lórúkọ, ẹni tó ń fọ pátá rẹ̀ ni. Ẹ má rò pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó ti mọ̀ pé ọjọ́ orí kọ́ là ń bọ̀wọ̀ fún, pé owó ni.

Nílé ìyá àgbà mi, àgbàṣe kan máa ń wá láti Togo lásìkò ebè kíkọ, ẹni tó ń sùn nínú àká, tó ń fi aṣọ kan ṣoṣo ṣe ọ̀sẹ̀. Bàbá Àgbàṣe la ń pè é. Ọmọ ìyá mi kan pè é lórúkọ lọ́jọ́ kan, ìgbátí tó jẹ níwájú gbogbo wa, mi ò tíì gbàgbé ìró rẹ̀ dòní. Ìyá àgbà mi kì í ṣe ẹni tó lawọ́, owó àgbàṣe yẹn gan-an, ó máa ń bá a ṣàríyànjiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó da owó pọ̀ mọ́ ìkíni.

Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ẹni ọdún 31 ni ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ló jẹ́. Ṣé "ẹ" lo ń kí i tàbí "o"? Arákùnrin kan ti fèsì pé a kì í sọ "ẹ" fún ẹni tá a ń san owó fún. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Aláta ń gba owó lọ́wọ́ wa, "Ẹ ẹ́ fi jàrà sí i, mà" là ń wí. Mẹkáníìkì tó dàgbà ń gba owó lọ́wọ́ wa, Bàbá là ń pè é. Kí ló wá dé tí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ fi sọ ẹni yìí nìkan di ọmọdé? Ẹ wo orúkọ iṣẹ́ náà pàápàá: obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, a ṣì ń pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀.

Ọ̀nà tí mo gbà tún un ṣe nílé mi nìyí. Mo béèrè orúkọ àkọ́bí ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́, mo sì sọ fún gbogbo ilé pé Ìyá Tọ́pẹ́ là ó máa pè é. Kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọkùnrin mi pè é bẹ́ẹ̀, kò dáhùn, kò mọ̀ pé òun là ń pè.

*

Mo wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní òun fúnra rẹ̀ ló yàn án.

Ẹnìkan nínú wọn fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀, pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Pé bí kò bá fẹ́ jẹ́ ẹrú, kó fi tọmọ jẹ́ ẹ, kó jókòó sórí àga. Òótọ́ ni òwe náà, ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ni wọ́n pa á fún. Tí ẹni tó rán ni níṣẹ́ ńkọ́? Òwe tirẹ̀ wà: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Ẹ rántí ìwọ̀fà. Ẹni tó bá jẹ gbèsè á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni èlé, gbèsè náà dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi san án, bó ṣe ogún ọdún. Mi ò yìn ín, ó le, ó sì ba ayé ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́. Síbẹ̀, àwọn àgbà mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀fà àti ẹrú. Ìwọ̀fà ní ìwọ̀n iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe, bó bá ṣe é tán, ó ní àkókò tirẹ̀. Olówó kò lè tà á. Ó ní ẹbí tó lè wá béèrè rẹ̀. Ìwọ̀fà náà "gbà", gbèsè ló mú kó gbà, àwọn tó gbà á sílé sì mọ̀ pé gbígbà yẹn ní ààlà. Obìnrin tó fi ọmọ méjì sílẹ̀ lábúlé wá sílé rẹ, kí lo rò pé ó mú òun náà gbà?

*

Ó yà díẹ̀ sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fara dà á fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń gbé Ìlọrin, ó ní ọmọ ọ̀dọ̀, ó sì le mọ́ wọn. Mo ti bá a jà lórí rẹ̀. Ní 2018, wọ́n ní iṣẹ́ olùkọ́ wà fún un ní Lẹ́bánónì. Ó dé Beirut, iṣẹ́ ilé ló bá. Ètò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kàfálà: ẹni tó gba ènìyàn síṣẹ́ ló ni ìwé ìgbélùú rẹ̀, bó bá kúrò nílé náà láìgba àṣẹ, ó ti di arúfin. Ọjọ́ tó dé ni wọ́n ti gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀. Bálíkóní ló ń sùn sí. Ọmọ ọdún 5 ilé náà ń fi ìka pè é, òun sì ń dáhùn "Mádáàmù kékeré". Ìgbà tó wà níbẹ̀ náà, ní oṣù kẹrin 2020, ni ọkùnrin kan níbẹ̀ gbé àwòrán pásípọ́ọ̀tù obìnrin ọmọ Nàìjíríà sórí Facebook, ó ní òun ń ta obìnrin náà ní 1,000 dọ́là. Wọ́n mú ọkùnrin náà.

Ẹ̀gbọ́n mi padà wálé. Mo bi í pé kí ló le jù níbẹ̀. Mo rò pé yóò ní iṣẹ́, tàbí ebi. Ó ní ohun tó le jù ni pé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin òun ò tún bínú mọ́, pé bí wọ́n bá ti pè òun, ẹsẹ̀ òun ti ń lọ. Ó dákẹ́, ó wá dárúkọ ọmọbìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìlọrin rí. Ó ní òun fẹ́ wá a kàn. Wọn ò tíì rí i.

Ẹni tó kọ èsì láti Salvador ní Bràsíl, ibi tí àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú nílẹ̀ wa pọ̀ sí, sọ ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́. Ó ní àwọn fúláàtì àtijọ́ níbẹ̀ ní yàrá kótópó kan lẹ́yìn kíṣìnnì fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé, wọ́n sì ní ẹ̀rọ agbéniròkè ọ̀tọ̀ fún wọn. Ó ní bí o bá bi ọ̀gá wọn, yóò ní "bí ẹbí ló rí sí wa". Gbólóhùn tiwa gan-an nìyẹn: "a mú un bí ọmọ". Ní Bràsíl, ọdún 1888 ni wọ́n fòpin sí ẹrú, àmọ́ ọdún 2013 ni wọ́n tó tún òfin ilẹ̀ wọn ṣe kí òṣìṣẹ́ ilé má baà ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́ àti 44 lọ́sẹ̀. Obìnrin adúláwọ̀ kan, Laudelina de Campos Melo, tó ti ń ṣiṣẹ́ ilé láti kékeré, ló dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ní ìlú Santos, ní 1936. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín 1936 sí 2013.

*

Ó yá, ti owó. Ibí ni ìjà pọ̀ sí jù, ibí gan-an sì ni ọ̀nà àbáyọ rẹ wà.

Ẹnìkan ní 70,000 náírà lòfin wí láti 2024, kí o san án. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin owó oṣù tó kéré jù yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ọ̀pọ̀ ilé kò sì sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò sí òfin tí yóò fi ipá mú ọ. Ìwọ ni yóò mú ara rẹ. Ṣírò ohun tí yóò ná ọ bí kò bá sí: ẹni tí yóò mú ọmọ wá láti ilé ìwé, ẹni tí yóò fọṣọ, ẹni tí yóò gbọ́únjẹ. Kí o wá wo iye tí o ń fún un.

Ṣé ọwọ́ rẹ̀ lowó ń dé? Èmi ò rí náírà kan fún ọdún márùn-ún, ejẹ́ǹtì ń gbà á, ó ń fún bàbá mi ní díẹ̀. Àwọn kan níbí ń sọ pé àwọn ń bá a fi pamọ́, kó má baà ná an níná àpà. Ẹni ọdún 34 tó ń tọ́ ọmọ méjì! Bí owó rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, kò lè bínú sí ọ, kò lè lọ, kò lè kọ iṣẹ́ agogo mọ́kànlá alẹ́. Bá a ṣí àkáǹtì, sanwó sí i ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù.

Ìsinmi: àdéhùn tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣe ní Jìnífà ní 2011 fún òṣìṣẹ́ ilé sọ pé ó kéré tán kó ní wákàtí 24 lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ kò ní fọwọ́ kàn. Dá ọjọ́ kan fún un. Ìlẹ̀kùn tó lè tì láti inú, kó ní. Fóònù, kó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo tún rí èsì obìnrin kan tó ní òun fẹ́ràn ọmọ kékeré nítorí pé "wọ́n ṣeé kọ́", pé ti òun jẹ́ ọmọ ọdún 10. Mà, ẹ dá ọmọ yẹn padà fún ìyá rẹ̀. Òfin tó de kíkó ènìyàn ṣòwò, tí wọ́n tún ṣe ní 2015, ní ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé 12 síṣẹ́ ilé yóò ṣẹ̀wọ̀n, ó kéré tán oṣù 6, ó lè tó ọdún 7. Ti òfin kọ́ ló sì jẹ mí lógún. Ọmọ ọdún 11 lèmi náà, wọ́n ní mo ṣeé kọ́.

*

Sí ẹni tí ọmọ ọ̀dọ̀ kó ní wúrà lọ, àti ẹni tí kámẹ́rà ká obìnrin kan mọ́ níbi tó ti ń gbá ọmọ ọwọ́ létí: ó dùn mí, mi ò sì ní sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Ẹ béèrè onídùúró méjì, ẹ dé ilé wọn, ẹ gba ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ fi kámẹ́rà sí pálọ̀, ẹ sì sọ fún un pé ó wà níbẹ̀. Gbogbo ìyẹn ló tọ́. Ṣùgbọ́n kò sí olè tí jíjókòó sílẹ̀ dá dúró. Ẹni tó fẹ́ kó wúrà yóò kúnlẹ̀ kí ọ láàárọ̀, yóò kó o lọ́sàn-án.

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo jí Ìyá Tọ́pẹ́ lójú oorun kó wá bu omi tútù fún mi. Fíríìjì kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ sí ibi tí mo jókòó. Ó bu omi náà wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ojú rẹ̀ kò tíì là tán. Èmi tí mo jẹ́ Ṣadé rí. Bí ẹnìkan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kì í kọ̀, ọwọ́ ẹni á máa nà sí i láìrò ó. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìwọ gan-an ni yóò kọ́kọ́ mọ́ lára.

*

Oníbéèrè ti padà wá. Ó ní òun ti san owó oṣù sínú àkáǹtì tí òun bá a ṣí. Ó béèrè orúkọ àkọ́bí rẹ̀, Ìyá Sèmíù ni wọ́n ń pè é báyìí. Ọmọ rẹ̀ gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá ọkọ fajú ro, ó ní wọn yóò rí i. Abọ́ abẹ́ síńkì ti kúrò. Ó ní ṣùgbọ́n Ìyá Sèmíù ṣì ń jókòó sílẹ̀, ṣé òun ti kùnà?

Rárá o. Fi àga sílẹ̀. Ó lè jókòó níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè má jókòó níbẹ̀ láé.

Ó tún kọ ọ́ nísàlẹ̀, bíi pé kò jẹ́ nǹkan, pé ní àná Ìyá Sèmíù dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Mà, ṣé mo lè lọ wo àwọn ọmọ mi ní Sọ́ńdè?" Pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó béèrè ohunkóhun, òun ò sì tíì dá a lóhùn, nítorí àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ náà.

Jẹ́ kó lọ. Fún un lówó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, jẹ́ kó jí lọ ní Sátidé kó lè sùn ti àwọn ọmọ rẹ̀. Se oúnjẹ àlejò rẹ fúnra rẹ. Má sì pè é lórí fóònù títí yóò fi dé.